Kéèsì Tí Mo Wá fún Kámẹ́rà Bàbá Mi

Ní ìlú tí mo ń gbé yìí, àwọn èèyàn máa ń sanwó kí wọ́n tó wọ inú omi. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó kọ́kọ́ dùn mí nìyẹn. Òtútù kọ́, ojú tí wọ́n fi ń wò mí nínú bọ́ọ̀sì kọ́. Àgbàlagbà tó nílé tó lọ́mọ yóò wá láti ìlú rẹ̀, yóò wọ aṣọ rọ́bà, yóò pọn sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, yóò mòòkùn lọ sísàlẹ̀ òkun, yóò sì gòkè wá lọ́wọ́ òfo, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò kó nǹkan kan bọ̀. Ó kàn lọ wo ìsàlẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi omi tí kò níyọ̀ ṣan aṣọ tó bọ́ sílẹ̀.

Bàbá mi wọ omi fún ọgbọ̀n ọdún. Awayanrìn ni wọ́n ní etí omi Ọ̀jọ́. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: wọ́n á fi ọkọ̀ onígbòkun lọ sójú omi, wọ́n á ri àkàbà igi gígùn kan mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n á di garawa irin mú, wọ́n á sì gba ara àkàbà náà sọ̀ kalẹ̀ sínú òkùnkùn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá yanrìn. Wọ́n á bu garawa kún, wọ́n á gòkè, wọ́n á fi ìka méjì ra á wò. Bó bá kúnná jù, wọ́n á dà á padà sómi lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù kì í rà á. Bó bá dára, wọ́n á dà á sínú ọkọ̀, wọ́n á tún padà lọ. Kò sí sílíńdà. Kò sí awò ojú. Omi Ọ̀jọ́ dúdú bíi tíì tí wọn ò da mílíìkì sí, ó sì ń ta ojú bí ata. Nítorí náà, bàbá mi a máa di ojú wọn. Ọgbọ̀n ọdún, wọn kò rí ìsàlẹ̀ omi náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Yanrìn yẹn ni wọ́n fi rán mi lọ sí yunifásítì, níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ Kẹ́místrì. Omi sì gba etí wọn méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo mú ìwé ẹ̀rí mi wálé, ẹnu mi ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ohun tí mò ń sọ. Ìgbà ìjọba ológun ni. Mo fi ọdún méjì wáṣẹ́ kiri Èkó, n kò rí, mo sì lọ.

N kò ní sọ bí mo ṣe dé ibí. Kò dùn ún sọ, kò sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Erékùṣù Mélítà ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pe ilé tí mo sì dárúkọ ibẹ̀, Màámi, tí wọ́n jẹ́ aláṣọ funfun tí kì í gbàgbé ẹsẹ Bíbélì, kígbe mọ́ mi létí.

"Mélítà kẹ̀! Ibi tí ejò ti so mọ́ Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nìyẹn!"

"Màámi, kò séjò níbẹ̀ mọ́."

"Ta ló kà wọ́n? Máa wo ilẹ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́."

Mo wo ilẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ náà ni mò ń wò lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí obìnrin àgbà tó ni ilé tí mò ń gbé. Ó rò pé nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ mi ni. Ó fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá mi wá a lábẹ́ àga. Ojú tì mí débi pé n kò lè ṣàlàyé. Mo ṣí ọwọ́, mo ní mo ti rí i. Ó dunnú fún mi. Láti ọjọ́ náà n kò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́, orúnkún mi sì ń dùn mí ní àárọ̀ bíi ti ẹni tó fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á fi èyí rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kí èèyàn tí kò mọ̀ pé ẹ kí òun, ẹ ó bi ara yín pé ta gan-an ni ẹ jẹ́ níbẹ̀.

Ọkùnrin arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń wọ omi, níbi tí mo ti ń fọ aṣọ, ni Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì. Ó ní kí n máa pe òun ní Jọ́ọ̀jì lásán, ẹnu mi kò gbà á, mo fi Ọ̀gá síwájú rẹ̀. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín "ìwọ" àti "ẹ̀yin," ìdí nìyẹn tí n kò fi fún un ní "wọ́n" níhìn-ín. Kì í ṣe ìwà àrífín. Ní ìgbà òtútù tí àlejò kì í wá, ó rí mi tí mo dúró sí etí omi lẹ́yìn iṣẹ́, ó ní, "Ojoojúmọ́ lò ń fọ aṣọ yìí. Ṣé o ò fẹ́ mọ ibi tó ń lọ ni?" Ó kọ́ mi láìgba kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, mo di ojú. N kò mọ̀ pé mo di í. Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì ló fi ìka kan awò ojú mi. Mo lajú.

Mo rí gbogbo rẹ̀. Yanrìn funfun tẹ́ lọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ìlà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ níbi tí omi ti ń fọwọ́ pa á. Ẹja kékeré kan ń jẹ nínú rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Oòrùn wọlé wá bá wa nísàlẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Àwọn àlejò a máa sọ pé àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Èmi, inú ló bí mi. Inú bí mi sí omi náà tó mọ́ gaara fún ẹni tí kò wá nǹkan kan, tó wá ṣú dùdù fún bàbá mi. Mo sunkún nínú awò ojú, omijé náà kò sì ríbi gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù ni àdéhùn èmi àti àwọn òbí mi. Wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì láti Ọ̀jọ́ lọ sí Okokomáíkò, níbi tí ọkùnrin Ìgbò kan tó ń jẹ́ Nọ́nsò ti ní ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ títí n ó fi pè. Nọ́nsò ló máa ń kọ́kọ́ gbé e.

"Dókítà!" Bó ṣe ń pè mí nìyẹn, nítorí ohun tí Màámi sọ fún un nípa mi. "Dókítà, wọ́n ti dé o. Màmá ti jẹ gúgúrú mi tán."

"Irọ́ ló ń pa!" Mo gbọ́ ohùn Màámi lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ló fún mi, ahun!"

Mo ti sọ fún wọn pé mò ń bá àwọn tó ń ṣèwádìí nípa òkun ṣiṣẹ́. Irọ́ ni, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé bí mo bá sọ pé aṣọ ni mò ń fọ̀, ọgbọ̀n ọdún inú omi yẹn ni mo fọ̀ dànù. Nítorí etí bàbá mi, Màámi ló máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi tí wọ́n á sì pariwo rẹ̀ sí wọn.

"Màámi, ẹ sọ fún Bàbá pé mo wọ omi."

"Ó ní òun wọ omi!"

"Ta ló tì í?" Mo gbọ́ ohùn bàbá mi.

"Kò sẹ́ni tó tì í! Òun fúnra ẹ̀ ló wọ̀ ọ́!"

"Kí ló lọ wà?"

"Ó ní òun ò wa nǹkan kan!"

"Kí ló wá lọ ṣe níbẹ̀?"

Gbogbo èèyàn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mo rí ìsàlẹ̀. Mo rí i kedere." Màámi pariwo rẹ̀. Mo ń gbọ́ ariwo àwọn kọ̀ńdọ́ tó ń pe Ìyànà-Ìbà lójú títì. Nígbà tó yá, bàbá mi fúnra wọn gba fóònù.

"Yèyé." Yèyé ni wọ́n ń pè mí, nítorí wọ́n gbà pé ìyá wọn ló padà wá di èmi. "Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn ń rí i?"

"Òótọ́ ni, Bàbá!" Mo pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lẹ́bàá àpótí tẹlifóònù yíjú wò mí.

"Ojú ọ̀tún mi ti lọ pátápátá. Dókítà ojú ní tòsì náà ò ní pẹ́ tẹ̀lé e. Kámẹ́rà tí mo rà fún ọ yẹn, ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá!"

"Ya ìsàlẹ̀ omi náà wá fún mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá a ṣòwò, mi ò mọ ojú ẹ̀. Kí n rí i lẹ́ẹ̀kan péré kí èyí tó kù yìí tó dí."

Bí ọ̀rọ̀ kéèsì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kámẹ́rà kì í wọ omi bí kò bá sí nínú kéèsì tí omi kò lè wọ̀, mo sì ní láti yan ọ̀kan kí ojú bàbá mi tó ṣú. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò ní, kí ló le nínú ìyẹn? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Kámẹ́rà pẹlẹbẹ ni bàbá mi rà fún mi ní ọjà Àlàbá lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ, irú èyí tó ń wọ àpò ẹ̀wù. Ọkùnrin tó tà á fún wọn fi ọmọ rẹ̀ búra pé láti Japáànì ló ti wá tààrà. Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ló wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì, ó ṣí ibi tí bátìrì ń wọ̀, ó sì rí orúkọ mìíràn níbẹ̀, èyí tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

"Wọn ò ṣe kéèsì fún irú èyí," ó ní. "Ta ló tà á fún ọ?"

"Bàbá mi ló rà á."

Ó wo ojú mi, ó sì rọra ti ibi bátìrì náà padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Ó kó ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Àkọ́kọ́ ni àpò rọ́bà rírọ̀ kan tí gíláàsì wà níwájú rẹ̀. Kámẹ́rà kékeré èyíkéyìí ló ń wọ inú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, omi yóò máa fún àpò náà mọ́ra títí yóò fi tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ní òkè, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wẹ̀, ó dára. Ìsàlẹ̀ ni bàbá mi ní kí n yà, kì í ṣe òkè. Èkejì ni kéèsì ike líle, ṣùgbọ́n irú kámẹ́rà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ra kámẹ́rà yẹn pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún ní onírin kan, n kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Ra ti oníke yìí," Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì ní. "Kámẹ́rà kámẹ́rà ni. Fi ti bàbá rẹ sílẹ̀ nílé."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Àmọ́ yóò pé oṣù mélòó kan kí agbára mi tó ká a, ojú kò sì ń dúró de èèyàn. Ohun mìíràn tún wà tí n kò sọ fún un: mo fẹ́ kó jẹ́ kámẹ́rà bàbá mi gan-an ló rí i. Wọ́n kọ́ ọ sí mi lọ́rùn fúnra wọn lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Mo rò pé bí kámẹ́rà náà bá dé ìsàlẹ̀, àwọn náà dé ibẹ̀ nìyẹn. Kẹ́místrì ni mo kà, mo mọ̀ pé ìrònú yẹn kò nídìí. Mo rò ó síbẹ̀.

Nínú àpótí àlòkù tó wà lẹ́yìn ilé, mo rí kéèsì ike líle kan tí àlejò kan gbàgbé. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣe é fún fi díẹ̀ tóbi ju tèmi lọ. Ọmọ Ọ̀jọ́ ni mí, ìtòsí Àlàbá ni mo dàgbà sí, níbi tí wọ́n ti ń fi nǹkan tí kò bára mu bára mu. Mo gé sílípáàsì mi sí wẹ́wẹ́, mo fi há ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà kó má baà mì. Mo lẹ ègé kan mọ́ ìdí bọ́tìnì kí ó lè kàn án. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní "káà." Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn tó! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí kò lè ṣe. Mo fi gíríìsì pa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹnu kéèsì ká, èyí tó ń dènà omi, mo sì tì í pa.

Mo ròyìn rẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àdéhùn wa. Bàbá mi gbọ́ tán, wọ́n gba fóònù.

"Ṣé tuntun ni?"

"Lọ́wọ́ tèmi, tuntun ni, Bàbá!" mo pariwo.

"Jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ lófìfo. Garawa tuntun, ọkọ̀ tuntun, awayanrìn tuntun, kò sí èyí tó ń gbé ẹrù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lófìfo, kó padà wá lófìfo. Ìgbà náà ni ẹ óò mọ ara yín."

Màámi já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn. "Má dá wọn lóhùn! Ti àwọn tó ń bọ omi nìyẹn. Gbé kéèsì ọ̀hún sétí fóònù." Mo gbé e sétí fóònù. Wọ́n gbàdúrà sí i lórí, gígùn, títí Nọ́nsò fi ní, "Màmá, Ọlọ́run ti gbọ́, táìmù ti tán!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àdúrà Màámi kọ́ ló jẹ́ kí n kọ etí dídi sí ọ̀rọ̀ bàbá mi. Ìwé tí mo kà ni. Mo ti rí wọn rí ní etí omi, tí wọ́n ń ti garawa òfìfo sọ̀ kalẹ̀, tí gbogbo wọn dákẹ́, mo sì ti pinnu láti kékeré pé àṣà àwọn tí kò kàwé ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìjì lè dé, omi lè dàrú. Ojú òsì bàbá mi ń lọ. Mo fi fíìmù sí kámẹ́rà, mo tì í mọ́ inú kéèsì, mo wọ omi.

Ní ẹsẹ̀ bàtà ogójì, mo ya yanrìn. Mo ya ìlà ara rẹ̀. Mo ya ẹsẹ̀ mi lórí rẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ ọmọ wọn níbi tí ẹsẹ̀ tiwọn ti ń ṣiṣẹ́. Mo ya ẹja kan tó sin ara rẹ̀ títí ó fi ku ojú nìkan. Káà, káà, káà. Fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí mo rí ẹ̀kán omi kan nínú kéèsì, ní igun ìsàlẹ̀. Mo rò pé ooru inú rẹ̀ ló di omi. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di méjì. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń ṣàn.

Ohun tí ẹni tí kì í wọ omi kò mọ̀ ni pé èèyàn kò gbọ́dọ̀ sáré gòkè. Afẹ́fẹ́ tó wà lára á ba ẹni náà jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni, bó bá sì ku díẹ̀ kó yọrí, á dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo dúró. Mo di okùn ọkọ̀ mú ní ọwọ́ kan, mo gbé kéèsì náà sókè ní ọwọ́ kejì bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ọmọ tó fẹ́ rì, ṣùgbọ́n omi wà lókè pẹ̀lú, kò síbi tí mo lè gbé e sí. Omi dé ìdajì. Ó bo ojú kámẹ́rà náà. Iná pupa kékeré kan tàn lára rẹ̀, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ìṣẹ́jú kan ṣì kù fún mi láti dúró.

Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì tú u sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ègé sílípáàsì kan, tí kò ju irun ojú lọ, ló há sábẹ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Ibẹ̀ ni omi gbà, ó sì ti ba fíìmù náà jẹ́ pẹ̀lú.

"Nígbà tí o gbé e lọ lófìfo," ó ní, "ṣé o ò rí i pé ó ń jò?"

Mo gba kéèsì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo da omi inú rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀.

"O gbé e lọ lófìfo, àbí? Èèyàn á fi tíṣù sínú ẹ̀, á gbé e lọ sísàlẹ̀ láìsí kámẹ́rà, á wò ó bóyá tíṣù náà tutù. Ta ni kò mọ ìyẹn?"

"Bàbá mi mọ̀ ọ́n," mo ní.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àdéhùn tó tẹ̀lé e, mo sọ ọ́ fún Màámi. Wọn kò pariwo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n sọ ọ́ lọ́rọ̀ kúkúrú, mo sì gbọ́ tí bàbá mi ní kí wọ́n tún un sọ. Lẹ́yìn náà:

"Yèyé. Ṣé ó lọ lófìfo ná?"

"Rárá, Bàbá!"

Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n bú mi. Mo ń retí rẹ̀. Wọ́n kàn ní, "Kò burú. O ti mọ̀ ọ́n báyìí." Màámi gba fóònù, ẹ̀mí wọn nìkan ni mò ń gbọ́, títí owó mi fi tán.

Mo ṣiṣẹ́ gbogbo ìgbà ooru náà. Mo ń fọ aṣọ lọ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ bó bá di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, mo ra kéèsì oníke tí Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì sọ pé kí n rà, àti kámẹ́rà tí wọ́n ṣe é fún. Mo fi tíṣù méjì sínú kéèsì náà, mo tì í, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ lófìfo. Mo jókòó lórí yanrìn pẹ̀lú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà ogójì, n kò ya nǹkan kan, n kò wá nǹkan kan. Ó dákẹ́ níbẹ̀. Mo rántí bí gbogbo wọn ṣe máa ń dákẹ́ ní etí omi Ọ̀jọ́, mo sì mọ̀ wàyí pé kì í ṣe àdúrà ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ń tẹ́tí sí i bóyá ó ń jò ni.

Nígbà tí mo ṣí i lókè, tíṣù náà gbẹ. Ó gbẹ táútáú. Mo fi nu ojú mi.

Màámi nìkan ló wá sí Okokomáíkò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àdéhùn tó tẹ̀lé e. "Bàbá rẹ wà nílé," wọ́n ní. Mo ní kí ló dé. "Ojú tó kù ti dí. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ títí tí o fi máa ra kámẹ́rà."

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Màámi fa bàbá mi lọ́wọ́ wá. Mo ń sunkún kí wọ́n tó gba fóònù. N kò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀, àwọn tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́.

"Má sunkún. Ibi tí mo wà yìí, mo mọ̀ ọ́n. Bó ṣe máa ń rí nísàlẹ̀ nìyí. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń wá ọ̀nà láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, mi ò tíì ṣubú rí. Àkàbà nìkan ni mi ò rí kí n fi gòkè."

Síbẹ̀, mo ya fọ́tò náà, mo fi ránṣẹ́. Gbogbo àgbàlá ló wò ó. Màámi ní àwọn ayálégbé ń bèèrè bóyá ọ̀run ni. Wọ́n ní bàbá mi gbà á, wọ́n fi ìka ra ojú rẹ̀ láti igun dé igun, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n ní, "Ó ń yọ̀. Kò sí yanrìn lára ẹ̀."

Ìdí nìyẹn tí mo fi yọ kámẹ́rà kúrò nínú kéèsì náà, tí mo sì tún gbé kéèsì náà lọ lófìfo. Ní ìsàlẹ̀, mo ṣí i. Omi kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kúnlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí orúnkún mi kan ilẹ̀ láti ọdún méjì, mo fi kéèsì tí mo fi gbogbo ìgbà ooru ṣiṣẹ́ fún bu yanrìn, bí garawa, mo sì tì í. Mo gòkè díẹ̀díẹ̀. Ọmọ Ìbà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì ń lọ sílé, ó bá mi gbé e dé Ọ̀jọ́ nínú ike mílíìkì.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i gbà?"

Màámi pariwo rẹ̀ sí wọn. Bàbá mi gba fóònù.

"Mo fi ọwọ́ ra á. Mo tọ́ ọ wò. Ìyá rẹ ní ó funfun."

"Ó funfun, Bàbá!"

"Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìn tó?"

"Ẹsẹ̀ bàtà ogójì!"

Màámi tún un pariwo. "Mi ò dé irú ibẹ̀ rí," wọ́n ní. Lẹ́yìn náà ohùn wọn yí padà, ó di ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré ní etí omi, ohùn ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. "Àmọ́ ó ti kúnná jù, Yèyé. Kò lè di búlọ́ọ̀kù mú. Èèyàn ò lè fi kọ́lé. Mo ní kí ìyá rẹ fà mí lọ sétí omi, mo dà á síbẹ̀."

Yanrìn náà wà nísàlẹ̀ omi Ọ̀jọ́ báyìí, níbi tí kò sẹ́ni tó lè rí i, ìbáà ní ojú, ìbáà má ní.